Kì í ṣe ọfà ló pa wọ́n lójú ọ̀nà Oregon

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù kábọ́ọ̀yì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé àwọn òyìnbó tó ń ṣí lọ sápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láàárín 1840 sí 1860, ṣe làwọn obìnrin wọn ń jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n faṣọ bò lórí, pé èyí tó bá sì kú lọ́nà, àwọn onílẹ̀ tí fíìmù ń pè ní Red Indian ló ta á lọ́fà. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn ò fẹ̀ ju bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, gígùn ẹ̀ bíi 10, ìyẹ̀fun, ẹran gbígbẹ, kọfí àti irinṣẹ́ ti kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, kò sì ní sípíríǹ, gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń jáni nídìí. Ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ obìnrin àtọmọ wẹ́wẹ́ fi rin ọ̀nà yẹn, láti Missouri láàárín Amẹ́ríkà dé Oregon létí òkun Pacific, nǹkan bíi 2,000 máìlì, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á tún máa ṣa ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ bí wọ́n ṣe ń lọ torí kò sígi ní pápá yẹn, òun ni wọ́n á fi dáná alẹ́.

Ẹ wo Amelia Stewart Knight, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó rin ọ̀nà yẹn. Oṣù kẹrin 1853 lòun àtọkọ ẹ̀ àtọmọ méje kúrò ní Iowa, oyún ìkẹjọ sì wà nínú ẹ̀. Ó ń kọ gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí sílẹ̀: òjò, ẹrẹ̀, aṣọ tí ò gbẹ, àìsàn ọmọ. Chatfield ọmọ ẹ̀ já bọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló kù kó gun ọmọ náà mọ́lẹ̀. Lucy ńkọ́? Wọ́n gbàgbé ẹ̀ sẹ́yìn, oníkálukú rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló wà, àfìgbà táwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbé e bá wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ó ń fi oyún ńlá gun àpáta òkè Cascade, ẹ̀bá ọ̀nà ló sì bímọ sí. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ lẹ́yìn ìrìn oṣù márùn-ún! Ara ẹ̀ ò tíì balẹ̀ tí wọ́n tún fọkọ̀ gbé òun àti ìkókó sọdá odò Columbia, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó ta wọ́n lọ́fà.

Onígbáméjì ló pa èèyàn jù, pàápàá láàárín 1849 sí 1852 lẹ́bàá odò Platte, torí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn pàgọ́ sí tí wọ́n ń ṣu sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bomi mu. Ẹni tára ẹ̀ le láàárọ̀ lè kú kílẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn ni odò tó ń gbéèyàn lọ, kẹ̀kẹ́ tó ń gun ọmọdé mọ́lẹ̀, ìbọn tó ṣèèṣì yìn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Àwọn onílẹ̀ wá ńkọ́? Nínú èèyàn tó lé ní 250,000 tó rìnrìn àjò lọ sí Oregon, California àti Utah láàárín 1840 sí 1860, àwọn onímọ̀ ìtàn ka 362 tí àwọn onílẹ̀ pa. Àwọn onílẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò pa jẹ́ 426. Ẹ tún un kà. Àwọn onílẹ̀ kan náà yìí ló ń ta ẹja salmon fún àwọn arìnrìn-àjò, tí wọ́n ń bá wọn tu ẹrù àtọmọ sọdá odò, onígbáméjì tó bá àwọn àlejò dé sì wọ ìlú wọn: lọ́dún 1849, àìmọye àwọn Cheyenne, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀, ló pa, tọmọdé tàgbà, lórí ilẹ̀ bàbá wọn.