Gbogbo Ẹbí Ń Jà Sí Omi Ọmọ, Ọtí Bàbá Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi lónìí. Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó sì ka èyí, kó jọ̀ọ́, kó má gbé e lọ bá màmá mi. N ó sọ fún wọn fúnra mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ ni, ọmọ náà ń lọ sí oṣù márùn-ún báyìí. Ó ń gun ọ̀kadà láàárín Tákìé sí Under G. Màmá wa wá bá wọn wẹ ọmọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ lórí ife omi kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyàwó pé ọyàn nìkan ni ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, kó má fi omi kàn án lẹ́nu, kó má fi àgbo kàn án lẹ́nu. Màmá ní irọ́ ni. "Nínú ooru yìí? Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo rọ lágbo, èwo ló kú nínú yín?"

Ìyàwó wa kì í fèsì. Tí Màmá bá ti gbé ife, á kúnlẹ̀, á gba ọmọ, á fi ọmú sí i lẹ́nu. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Àǹtí wa wà lórí fóònù láti Èkó. Ìpàdé lórí omi o!

Lójú tèmi, ìyàwó ló jàre. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Omi ọyàn fúnra rẹ̀, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 80 tó jẹ́ omi, torí náà ọmọ tó ń mu ọmú ń mumi. Omi tí a bù látinú kẹ́ẹ̀gì ló lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé, ikùn tó bá sì ti kún fómi kò láyè ọmú mọ́. Àǹtí ti Èkó tiẹ̀ ní kí ìyàwó máa mu ọtí dúdú kan lálẹ́ kí ọmú lè pọ̀. Ọtí tí ìyá mu ń dé inú ọmú, Àǹtí. Ẹ̀kọ gbígbóná ńkọ́, ṣé ó ti tán lọ́jà ni?

Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ní gbogbo wákàtí méjì ààbọ̀ tí a fi ṣèpàdé yẹn, bàbá ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń tòògbé, ọtí ọlọ́rá, ọtí líle inú ọ̀rá kékeré yẹn, tó mu láàárọ̀ ń rùn dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo wa la gbóòórùn rẹ̀. Bàbá wa tó ti Ọ̀yọ́ wá ṣí fìlà, wọ́n ń fi fẹ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ bẹ Màmá, ó sì kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwa yìí kan náà ni a ò jẹ́ kí ọtí wọ inú ohun ìkómọ nítorí pé Onítẹ̀bọmi ni wá. Oyin àti iyọ̀ la fi wúre. Bàbá ọmọ ti mu tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí pásítọ̀ tó dé.

Èmi náà ò lanu nípàdé. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: èmi ni mo ń ta á fún un.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Ọtí ọlọ́rá ni mo fi ń kọ́ síwájú, ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rá 30ml, kò sọ́jà tó yá jù ú lọ. Ẹni tí kò lówó ìgò á rówó ọ̀rá kan, á mu ún lórí ìdúró, á tún béèrè òmíràn. Láti 2018 ni NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe é ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa fòpin sí ti ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200ml. January 2024 ni wọ́n dá, ni wọ́n bá tún sún un di December 2025. Nígbà tí ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀ ní February 2024, ṣe ni mo sáré ra páálí mẹ́ta pamọ́, kó tó wọ́n. Tí àbúrò mi bá sì ti wá rà á: "Ẹ̀gbọ́n mi, ènì ńkọ́?" Mo máa ń fún un lénì.

Òru ọjọ́ kan, ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta, ìyàwó pè mí. Aago méjì ti kọjá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Iná ò sí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù hàn mí. Àbúrò mi nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà, ó ń hanrun. Ìyàwó jáde lọ tọ̀ ni, kó tó padà wọlé, ọkùnrin yìí ti yí lọ síbi tí ọmọ wà, ọmọ ti há sáàárín ògiri àti mátírẹ́ẹ̀sì. Fìlà òwú ọmọ ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ọmọ ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń mu ìka, kò sóhun tó ṣe é. Mo gbọn bàbá rẹ̀ títí, kò jí. Ọ̀rá mẹ́rin òfìfo ni mo bá nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọjà mi ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, "Bàbá yín náà mu ún, ó sì tọ́ yín." Hàà! Bàbá mu ún lóòótọ́. Màmá tó ń ta láfún ní Tákìé ló tọ́ wa. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ara wọn ni?

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Tí ọmọ bá rù, ìyàwó ni kò fún un lómi. Tí bàbá bá fẹ́ẹ̀ sùn lé ọmọ mọ́lẹ̀, wàhálà ìlú ló lé e dé ìdí ọtí. Inú ìlú wo ni ìyàwó ń gbé? Ẹbí tó lè jókòó wákàtí méjì ààbọ̀ sórí ife omi, kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sórí ọtí, kí ọkùnrin náà sì jí lójú oorun kó gbọ́.

Mo ti kó tèmi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mí lápò, n ò ní purọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àbúrò mi dúró níwájú mi, ó wo ìṣó tí mo fi ń kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ni?"

"Kò sí."

Ó sọdá sí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta páràgà lódìkejì. Mo pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé ọmọ wá sùn lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbé e wá. Ní òwúrọ̀, Màmá pè mí. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ sùn sílé mi. Wọ́n ní ṣé mo ti fún un lómi.