Wọ́n Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀, Wọn Kò Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń Jáwọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìlera kan sọ ọ́ ní gbangba pé kí àwa tí a ti lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí pa ẹnu mọ́ nípa ohun tí ojú wa rí, nítorí pé ẹ̀rù ni à ń dá ba àwọn aláìsàn. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn kò lóǹkà. Inú bí mi, kì í ṣe nítorí pé mo kórìíra oògùn náà, bí kò ṣe nítorí pé irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń bẹ̀ wá fún yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe mí léṣe.

Paroxetine ni wọ́n kọ fún mi, 20 mílígíráàmù lóòjọ́. Gbólóhùn kan péré ni dókítà náà sọ nípa àtúnbọ̀tán rẹ̀: “Ó lè máa ṣe yín bí ẹni pé ẹ fẹ́ bì, ṣùgbọ́n yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.” Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó pe ẹni tó kàn. Òótọ́ kúkú ni ó sọ. Ohun tí kò sọ ni pé inú ìfun ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú serotonin, èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí òmíràn, tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe inú ọpọlọ, nítorí náà ikùn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ká ní mo mọ èyí ni, n kì bá tí fi òru mẹ́ta rò pé májèlé ni mo gbé mì. Kò sì sọ pé àtúnbọ̀tán lè dé lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí ìwòsàn fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́fà kó tó fojú hàn. Owó ni à ń kọ́kọ́ san, ọjà ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń làágùn lóru débi pé mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́: oògùn àti òógùn, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tó pé oṣù kan, oorun padà, ẹkún sì dá. Èmi náà yin oògùn. Ṣùgbọ́n ẹkún tó dá yìí kò mọ ibi tó yẹ kó dá dé. A sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà, mo sì dúró létí sàréè bí ẹni tó wá wo ìsìnkú àjèjì, láìsí ẹ̀kán omijé kan. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ náà bá a lọ. Fún oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi rò pé ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Èmi fúnra mi kò mọ̀ pé oògùn ni, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àtúnbọ̀tán tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ẹ̀yà oògùn yìí ni. Ọdún 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí fluoxetine, tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2019 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé inú páálí pé ìṣòro ìbálòpọ̀ náà lè máa bá ènìyàn lọ lẹ́yìn tó ti jáwọ́.

Jíjáwọ́ ló wá burú jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ara mi yá, mo sì jáwọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo bá yí ojú, yóò dà bí ẹni pé iná mànàmáná gba inú orí mi kọjá. Òòyì ń kọ́ mi, àlá burúkú ń dà mí láàmú, mo sì ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Mo gbà pé àìsàn náà ló padà. Apòògùn kan, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ́tí sí mi, ló ṣàlàyé pé paroxetine máa ń tètè jáde lára, kò dà bíi fluoxetine tó ń pẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa dín in kù fún mi. Ọdún 2019 yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Bìrìtìkó tó gbà pé ìyọnu jíjáwọ́ lè le, kó sì pẹ́ fún àwọn kan, ju bí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ èsì àwọn tó ní ká pa ẹnu mọ́: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pani, ẹ̀rù oògùn náà sì lè pani. N kò bá wọn jiyàn. Èmi náà ti padà sórí oògùn mìíràn. Mo sì ti bi ara mi pé ká ní dókítà yẹn ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn òru mẹ́sàn-án láìsùn, ṣé ǹ bá gbé hóró àkọ́kọ́ mì? Ìyàwó mi ní n kì bá tí gbé e mì.

Lánàá, àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn náà fún pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe ń ṣe ènìyàn?” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ó lè máa ṣe é bí ẹni pé ó fẹ́ bì, ṣùgbọ́n yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. N kò tíì pè é padà.