Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹni tó bá ti ra ọṣẹ dúdú rí mọ bí ewé tí wọ́n fi dì í ṣe ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Sátidé tó kọjá, a so yìgì nínú agbolé wa ní Ìlọrin. Mo lọ bomi lẹ́yìn ilé, mo bá ọmọkùnrin mẹ́rin níbẹ̀, èyí tó kéré jù ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Igbó ni wọ́n ń gbé fún ara wọn. Mo pariwo. Bàbá kan tó jókòó nítòsí, tó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá dání, ló dá mi lóhùn: "Àlájà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ewé lásán ni. Kì í ṣe kokéènì." Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ewé lásán! Ṣé ẹ̀fọ́ ni? Ohun tó wà nínú ewé náà tó ń pa wọ́n bí ọtí, THC ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ọ̀rá ara ló ń lọ sá pamọ́ sí, débi pé ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ lè jáwọ́, kó ṣì wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọpọlọ èèyàn kì í sì í gbó tán títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún 25. Ibi tí a fi ń ro ọ̀rọ̀ wò ká tó ṣe é ló ń gbó kẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an lẹ jẹ́ kí wọ́n máa rú èéfín sí. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ń mu igbó, ó tó ẹnì kan tó máa di bárakú fún. Tó bá jẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́langba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú mẹ́fà ni.

Mo mọ ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìyá rẹ̀. Bó bá jókòó sídìí òfì, ọ̀kọ̀ á máa lọ á máa bọ̀, kò ní wo ọwọ́. Ó mọ iye òwú tó máa gbé kí ọnà tó yọ. Ọmọ ọdún 15 ló bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fa igbó. Nígbà tó fi máa di 17, á ka òwú, á gbàgbé, á tún un kà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan: ó ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì gba ojú kan náà, ó wá dáwọ́ dúró, ó ń wo òwú bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Kò pẹ́ tó fi ń sọ pé àwọn tó ń hunṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń bú òun, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lanu.

Kí làwọn ará ilé ṣe? Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní ìyàwó bàbá rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn áfáà, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, tí wọ́n ń fún un ní hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, mu. Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀, igbó wà nínú àpò ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé kí lọmọ yìí ń fà?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mu igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú. Mi ò ní purọ́ fún ọmọ kankan, torí bó bá rí ẹni tó mu ún tí nǹkan kan ò ṣe, kò ní gbọ́ tèmi mọ́. Àmọ́ ewu náà pọ̀ fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tó ń mu ún lójoojúmọ́, tàbí tí àìsàn ọpọlọ ti wà nínú ìdílé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní kólóràdò tún burú jù, kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sórí ewé. Skuchies ńkọ́? A rò pé sóbò lọmọ ń mu, igbó ni wọ́n rẹ sínú rẹ̀, wọ́n tún fi tramadol, oògùn apàrora, sí i.

Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, lọ́wọ́ sí fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà tó mu igbó láàárín ọdún kan tó mílíọ̀nù 10.6. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ò lè dúró lẹ́yìn gbogbo agbolé.

Ẹ̀yin ìyá, bọ́mọ bá ń gbàgbé iṣẹ́ tí ẹ rán an, tójú rẹ̀ ń pọ́n, tí ilé ìwé ti sú u, ẹ pè é jókòó, ẹ bi í. Ẹ má kọ́kọ́ nà án, bí yóò ṣe fi pamọ́ nìkan ló máa kọ́ níbẹ̀. Bó bá ti ń gbóhùn tẹ́lòmíràn ò gbọ́, ọsibítù lẹ ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ máa ṣàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin bàbá tó ń pè é ní ewé lásán, ẹ̀yin lẹ rán ọmọ yẹn ní sìgá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí ẹ ní kó tanná sí i bọ̀. Ẹ mọ ilé tí wọ́n ti ń tà á ládùúgbò, ẹ sì ń kí ẹni tó ń tà á pé ó kú iṣẹ́. Bí mo bá tún bá ọmọ kankan lẹ́yìn ilé, kí n tó bi í léèrè ohunkóhun, ojú gbogbo ẹbí ni màá ti bi ẹ̀yin pé: ta ló kọ́ ọ?