Mọ́tò Tó Dọ̀bálẹ̀ Gbalaja

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìbàdàn níbí tí ìdọ̀bálẹ̀ máa ń ni lára. Bó bá rí mi, á tẹ orí díẹ̀, á na ọwọ́ kan sílẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Àǹkù, ẹ káàárọ̀ o." Ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Corolla rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà Iléyá, kò tíì dìde títí dòní.

"Lówà", ìyẹn kí wọ́n mú mọ́tò sún mọ́ ilẹ̀, ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é. Wọ́n á yọ sípíríǹgì tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n á ki èyí tó kúrú tó sì gan síbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tápò rẹ̀ kún á ra coilover, sípíríǹgì òun ṣọ́ọ̀kì tó ti so pọ̀, téèyàn lè yí sókè yí sódò bó ṣe wù ú. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn: bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, mọ́tò náà á di ilẹ̀ mú dáadáa ní kọ́nà, kò ní máa fì, lórí títì tó tẹ́jú. Títì tó tẹ́jú ni mo wí o.

Ọmọ tiwa ò lówó coilover. Mẹ́káníìkì kan ló fi ẹ̀rọ gé sípíríǹgì rẹ̀ bí ẹni gé ìrèké, tó dá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ padà sí i. Nígbà tí mo ní ṣé ṣọ́ọ̀kì yìí lè gbé e, ó ní, "Àlàájì, ó ṣì ń mí." Ó ń mí lóòótọ́, mímí ìpọ̀kàkà ni. Ṣọ́ọ̀kì ọ̀hún ti wálẹ̀ tán kí mọ́tò tó kúrò nílé, nítorí náà, gbogbo gálọ́ọ̀pù tó bá kó sí, gbì! Rọ́bà tó yẹ kó gba ìkọlù yẹn ti jẹ tán, ìdí èrò ẹ̀yìn ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ táyà ti yà síta bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dábẹ́ fún. Inú táyà nìkan ló ń jẹ, ìta rẹ̀ ṣì ń dán, ẹ ò ní fura àfìgbà tí wáyà bá yọjú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ló ní òun á gbé èmi àti ìyá mi lọ síbi ìnáwó. Màmá ti wọ léèsì, gèlè wọn ga. Wọ́n fi ìdí wọ mọ́tò náà bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí tí ẹnì kan ti gbé kúrò. Láti ilé wa dé jáńṣọ̀n, bọ́ǹpù méje ló wà, torí lándíládì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. A dé àkọ́kọ́, ọmọ fi bírékì dúró.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé a ti débẹ̀ ni?"

"Rárá o, bọ́ǹpù ni."

A sọ̀. Ó yí mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn, táyà kan lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ ọkọ̀ ń dún kààràà bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Micra mẹ́ta ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń ṣépè. Ní bọ́ǹpù kẹrin, Màmá ò wọlé mọ́. "Ẹ máa bọ̀," ni wọ́n wí. Nígbà tí a dé jáńṣọ̀n, a bá wọn níbẹ̀, wọ́n ti ra gúgúrú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ó ní kí n má bínú, pé Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti wá. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ Mexico tó wà ní Los Angeles ló ń ki àpò yanrìn sínú búùtù láti nǹkan bí 1940 sókè, kí ìdí ọkọ̀ lè wọ́lẹ̀. (Ẹ̀yin onímicra Ìbàdàn, tí ẹ ń kó mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú, àti àpò gàrí sí búùtù, ẹ ti ń lówà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò mọ̀!) Nígbà tó di 1958, òfin California ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ ju etí rímù lọ. Ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé nǹkan, sábẹ́ mọ́tò: ẹ tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, ẹ rí ọlọ́pàá, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á dìde bí ọmọlúàbí. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni tiwa kó wálé, a gbàgbé bọ́tìnnì síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkúta kan lu sọ́ǹpù rẹ̀ fọ́, ọ́ìlì dà sílẹ̀ tán. Mẹ́káníìkì wò ó, ó mi orí, ó ní ọ̀nà àbáyọ wà: kí wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ sípíríǹgì tí òun gé, kí mọ́tò lè ga díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní owó tirẹ̀ o, yàtọ̀ sí ti sọ́ǹpù.

Ni ọmọ bá wá bá mi nílé láàárọ̀ kùtù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ó ní kí n yá òun lówó. Mo wò ó nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣì ga ju Corolla rẹ̀ lọ.