Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé mo ráyè

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Mo ń wá ọ̀nà tí ọmọbìnrin inú ìtàn mi máa gbà jáde nílé bàbá rẹ̀ tí ajá ò fi ní í gbó. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi mú àlejò méjì wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo bu omi fún wọn. Bàbá náà nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìyàwó wa tí mo ń sọ fún yín nìyí. Ìwé ló máa ń kọ. Ó ráyè, ẹ jẹ́ á dúpẹ́."

Ó ráyè!

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe? Ìyàwó ilé kì í gbó ẹ̀gbọ́n ọkọ lẹ́nu níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Ó bá mi wọ yàrá, ó bá mi sùn, òun náà ló jí mi lónìí kí àkùkọ tó kọ. Ẹ jẹ́ kí n bì í síta.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn òru. Wákàtí yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pè mí ní Ìyàwó, ní Ìyá Ìbejì, ní Màdámù. Bí kúráǹ bá wà, mo ń tẹ ìtàn mi sínú kọ̀ǹpútà. Bí kúráǹ bá lọ, mo ń fi iná tẹlifóònù kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tó bá di aago márùn-ún ààbọ̀, omi ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbóná, ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú abọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ti wà lẹ́yìn zẹ́mì (ọ̀kadà tiwa nìyẹn), ó di ibùdó tasí. Bírò mi ń bẹ ní Kútọnu. (Ibi iṣẹ́ ni mo ń pè ní bírò o, ẹ̀yin ará Èkó, kì í ṣe kálàmù.) Inú ìwé òfin ni Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí à ń gbé ti jẹ́ olú ìlú ilẹ̀ Benin, àwa tí à ń sọdá afárá lójoojúmọ́ la mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Bí ó bá tú, kò tó wákàtí kan. Kì í tú. Èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn tasí, méjì níwájú pẹ̀lú awakọ̀, ìgúnpá ẹni ẹlẹ́ni nínú ìhà mi, mo sì ń fi àtàǹpàkò kan kọ ìtàn sínú tẹlifóònù. Lọ́jọ́ kan, a há mọ́ ọ̀nà ní Ẹkpẹ̀, ọkùnrin tó jókòó tì mí wú ikọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Màdámù, ṣé ọmọbìnrin yẹn máa rí ọ̀nà sá lọ ṣá?" Ó ti ń ka ìwé mi láti Ṣẹ̀mẹ̀! Inú bí mi, inú mi sì dùn. Títí di òní, òun nìkan lẹ́nì kan tó tíì bi mí ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní orí kẹjọ.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ń ṣírò owó. Òfin ní ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ni ká fi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ò mọ òfin, ọ̀gá mi náà ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò dùn mí, owó oṣù ni mo ń gbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ní bírò pé mo tẹ ìwé jáde, gbogbo àṣìṣe mi ti di àṣìṣe òǹkọ̀wé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fo òdo kan, "Màdámù, ẹ tún un ṣe" ni. Ní báyìí, "Màdámù, ìtàn lẹ tún ń rò yẹn?" Obìnrin tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi ń ta gèlè àti bàtà lórí WhatsApp láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tiẹ̀, wọ́n ní ó ń wá oúnjẹ ọmọ. Èmi tí n kì í ṣí ìtàn mi wò rárá níbẹ̀, èmi ni mò ń jí àkókò ilé iṣẹ́.

Ọ̀gá yìí kan náà ló pè mí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bàbá rẹ̀ kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó fẹ́ kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ojú ewé mẹ́jọ, kí oríkì wà níbẹ̀, kó dùn, kó sì dé ọwọ́ òun ní ọjọ́ Ajé. Mo rọra béèrè iye tí wọ́n máa fún mi. Ó dákẹ́ bí ẹni tí mo bú òkú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣebí ẹ máa ń ráyè ní òpin ọ̀sẹ̀ ni, Màdámù?"

Mo kọ ọ́. Ẹ má bi mí. Mo kọ ọ́ dáadáa pàápàá, ìyẹn gan-an ló ń gbóná lára mi. Nígbà tí wọ́n kà á níbi òkú, àwọn àgbàlagbà bú sẹ́kún. Orúkọ àbúrò ọ̀gá tó ń gbé ní Paris ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka owó, nítorí iṣẹ́ mi ni. Igba ẹ̀dà ni mo tẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́, sẹ́fà (owó ilẹ̀ wa) 1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 300,000 nìyẹn. Àjọ ni mo dá, 25,000 lóṣù, oṣù méjìlá gbáko. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,000, ẹ fi ṣírò rẹ̀: ohun tí ẹlòmíràn fi ń bọ́ ilé fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni mo kó lé atẹ̀wé lọ́wọ́. 2,500 ni mo ń ta á. Ilé ìtàwé ní òun máa yọ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,000. Ó ku 1,500. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, iye tí mo fi tẹ̀ ẹ́ ló padà sọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì san owó zẹ́mì tí mò ń gùn lọ béèrè bóyá ó ti tà.

Àti pé ìwé wo ni wọ́n tẹ̀ fún mi gan-an? Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ lọ, atẹ̀wé wojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màdámù, ṣé ẹ ò lè yọ àwọn òkúta àti igi wọ̀nyí kúrò?" Àmì ohùn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kò ṣeé yọ. Mo jókòó, mo ṣàlàyé: lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀, ọ̀kan ni lójú wa, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ẹ̀rọ ń tò léra, lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, àti àmì ohùn tó máa gùn ún lórí. Bí irú lẹ́tà tí ó ń lò ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gun ara wọn, àmì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré kan jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Ó mi orí. Ó ní òun ti ń tẹ̀wé fún àwọn pásítọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ìwé dé. Orí kẹta àti orí karùn-ún, kò sí àmì kankan, bọrọgidi. Ohun tí mo kọ ni pé, "Bàbá gbé ọkọ́ lé èjìká." Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni, "Baba gbe oko le ejika." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ dákun, ẹ ka èyí tí wọ́n tẹ̀ yẹn sókè níwájú ìyá ọkọ yín. Èmi kà á níwájú tèmi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé irú èyí lo máa ń jí kọ lóru?"

Òru mẹ́ta ni mo fi fi kálàmù kọ àmì sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú igba ẹ̀dà, níkọ̀ọ̀kan. Mo mà ráyè o!

Ó tún ku ti àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ. Bàbá kan ní àdúgbò wa, tó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà, ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì pa á dé. Ó ní ìwé Nàìjíríà ni. Kí ló dé tí kò sí ɛ àti ɔ níbẹ̀? Kí ló dé tí mi ò kọ sh àti kp, bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ wa láti 1975? Bàbá ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn tó ń fowó ra ìwé Yorùbá, òdìkejì ibodè Kráké ni mo ti rí wọn, ní Àgbádárìgì àti Èkó, ẹ àti ọ sì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó yẹn ránṣẹ́ sí mi pé ìtàn dùn, àmọ́ Yorùbá ìhà yín yẹn ṣòroó gbọ́. Ará ibí ní ará ibẹ̀ ni mí, ará ibẹ̀ ní ará ibí ni mí. Àwọn ọmọ àbúrò mi ńkọ́, tí wọ́n ń sọ Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, láti orí ọmú ìyá wọn? Ilé ìwé Faransé ni gbogbo wọn lọ, wọn ò lè ka ìlà kan níbẹ̀. "Tántì, ẹ bá kúkú kọ ọ́ ní Faransé." Ẹ̀gún gún mi lọ́kàn.

Àwọn tó lè kà á, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. "Tèmi dà?" "O ò ní mú tèmi wá?" Ẹni tó ra aṣọ ẹgbẹ́ ní 15,000 fún ìkómọ ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tó sì máa bínú bí mi ò bá dé ibi ìkómọ náà. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan pé mi ò ní lọ, kí n lè jókòó kọ̀wé. Agboolé gbọ́, wọ́n ní ìwé ti gbé mi gùn, mi ò ka èèyàn sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gúnyán fún ogójì èèyàn kí inú wọn tó rọ̀.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Bó bá wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa fi mí yangàn, orí rẹ̀ a wú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ké ní aago mẹ́rin ààbọ̀, á ṣí ojú kan ṣoṣo, á ní, "Ṣebí o ti jí." Òun náà ló máa ń sọ fún mi pé Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ níbí, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, ìwé ìtàn rẹ̀ sì jáde ní 1938. Mo gbọ́. Ṣé òun ló ń gún ata? Ṣé ẹnikẹ́ni fi ìbejì lé e lẹ́yìn kó tó mú kálàmù?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ní mo ráyè yẹn ló bí mi nínú jù. Kétu, ìlú ìyá mi, ni ìtàn ìwé àkọ́kọ́ náà ti ṣẹlẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló sì dá lé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà tí UNESCO gbé sókè ní 2001, tí gbogbo wa ń fi yangàn fún àlejò. Ọkùnrin ló ń gbé e. Wọ́n á ró aṣọ, wọ́n á di ìdí, wọ́n á so ọmú mọ́ àyà, kí wọ́n lè fi ijó àti orin tu àwọn ìyá wa lójú. Mo ti rí bàbá yìí níbẹ̀, tó ń gbe orin ìyá títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo bu ẹ̀dà kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé orin tó fẹ́ràn jù wà ní ojú ewé kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìwé náà ní yàrá rẹ̀ nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ. Ó fi tì í lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Aago márùn-ún ti kọjá. Orí kẹjọ ni mo jí kọ lónìí. Ọmọbìnrin yẹn ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ajá ò tíì sùn. Gbogbo wákàtí náà ni mo fi bínú tán. Omi ti ń hó lórí iná, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ọkọ mi sì ti ṣí ojú kan.