Ẹ̀dà kékeré kì í ba fídíò jẹ́

Ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni mo tún ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní bí a ṣe ń gé fídíò tí a sì ń tò ó: ó ní ẹni tí ó bá fi proxy, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tí a ń ṣe lára fídíò kí iṣẹ́ lè yá lórí kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́, fídíò tí yóò gbé fún oníbàárà kò ní mọ́ lójú, nítorí pé ohun tí a ti sọ di kékeré kò lè padà di ńlá. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí a ń tò nínú Premiere Pro tàbí DaVinci Resolve, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fídíò, ìtọ́ni lásán ló wà nínú rẹ̀: mú fáìlì báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá yìí, parí sí ti ọ̀hún, fi àwọ̀ báyìí kún un. Ẹ̀dà tí a ṣe sọ́tọ̀ ni proxy, kò fọwọ́ kan ojúlówó tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, ojúlówó ni kọ̀ǹpútà yóò padà lọ mú, àfi tí a bá fọwọ́ ara wa sọ fún un pé kí ó lo proxy.

Ẹni tí kò bá gbà, kí ó gbé iṣẹ́ kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí proxy wà ní títàn nígbà àkọ́kọ́, kí ó sì pa á nígbà kejì. Kí ó gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, kí ó wá yan Difference fún ti òkè, láàárín àwọn ọ̀nà tí ètò náà fi ń pa àwòrán méjì pọ̀. Difference máa ń yọ píksẹ́lì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àmì kékeré tí ó para pọ̀ di àwòrán, kúrò lára ìkejì rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti bára mu, dúdú ni yóò yọ. Fídíò Ọlọ́jọ́ tí mo yà ní Ẹnuwá ni mo fi dán an wò, èyí tí èrò, ìlẹ̀kẹ̀ àti eruku kún inú rẹ̀, irú àwòrán tí àbùkù kì í rí ibi sá pamọ́ sí. Ńṣe ni gbogbo rẹ̀ dúdú. Mo fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè dé òpin, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó yọ. Bẹ́ẹ̀, ojúlówó mi, tí ó jẹ́ 4K, jẹ́ píksẹ́lì 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, àpapọ̀ 8,294,400. Proxy tí mo lò jẹ́ 1280 àti 720, àpapọ̀ 921,600, ìyẹn ìdá kan péré nínú mẹ́sàn-án. Ká ní ó ti ráyè wọ inú iṣẹ́ náà ni, etí ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo ìbá ti máa tàn yanran nínú òkùnkùn yẹn.

Wọ́n á ní àwòrán ṣú lójú àwọn nígbà tí àwọn ń tò ó. Ó yẹ kí ó ṣú, ẹ̀dà kékeré ṣáà ni ẹ ń wò. Àwọn tí ó ń fi fíìmù onírọ́bà ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́ pàápàá kì í gé négátíìfù, ìyẹn fíìmù gan-an tí ó wà nínú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń gé, kí wọ́n tó wá fi nọ́ńbà etí fíìmù gé négátíìfù nígbẹ̀yìn.

Mo gbà pé ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú àwòrán mú dáadáa gbọ́dọ̀ wo ojúlówó. Bákan náà, nínú Final Cut Pro, ètò mìíràn tí a fi ń gé fídíò, ẹni tí ó bá gbàgbé láti kúrò lórí proxy kí ó tó gbé iṣẹ́ jáde, proxy ni yóò gbé jáde, mo sì fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Kí ẹ so hard drive tí ojúlówó wà lórí rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ibi tí a ti ń yan proxy, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé iṣẹ́ yín jáde.