Ta ló ní ọmọbìnrin kì í jogún nílẹ̀ Yorùbá?

Bí ìpàdé ẹbí bá ti kan ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá fi sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan á fi kọjú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin: "Ìwọ ti wà nílé ọkọ. Àṣà wa ò gbà kí ọmọbìnrin jogún." Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbọ́ ọ, tí wọ́n á gbé báàgì wọn, tí wọ́n á sì máa lọ. Irọ́ ni. Kò sí nínú àṣà Yorùbá, kò sì sí nínú òfin Nàìjíríà.

Àṣà ni wọ́n máa ń pè ní ẹlẹ́rìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bi àṣà léèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ogún ní ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń kà. Ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ìpín kan, àwọn ọmọ ibẹ̀ á wá pín in. Ìyá tó bí obìnrin nìkan ní ìdí tirẹ̀, ìpín ìdí náà ò sì dín. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ogún rẹ̀ sí. Bó bá sì jẹ́ orí-ò-jorí ni ẹbí yàn, orí ọmọ ni wọ́n ń kà, orí obìnrin sì wà nínú rẹ̀.

Ti ipò olórí ẹbí ńkọ́? Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole l'Ékòó ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé bí dáwódù (àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí) bá kú, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ olóògbé tó ṣẹ́ kù ni ipò kàn, ìbáà ṣọkùnrin, ìbáà ṣobìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún!

Lójú tèmi, nǹkan méjì làwọn èèyàn pò pọ̀. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ, torí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Ẹjọ́ Sogunro-Davis ti ọdún 1929 sọ bẹ́ẹ̀. (Ìkà gbáà ni, pàápàá fún obìnrin tó bá ọkọ ru yanrìn kọ́ ilé.) Ṣùgbọ́n ti ìyàwó ọ̀tọ̀, ti ọmọ ọ̀tọ̀. Èkejì ni ìròyìn ẹjọ́ láti ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí àṣà ti ń yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti wọ́gi lé ìyẹn náà ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, lórí abala 42 ìwé òfin 1999, tí kò gba kí wọ́n yọ èèyàn sílẹ̀ torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ọdún 1981 ni bàbá tí wọ́n ń jà sí ogún rẹ̀ kú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì gbé Ìsìláàmù wá, Kùránì fún ọmọbìnrin ní ìdajì ìpín ọmọkùnrin. Ìdajì kì í ṣe òfo.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí tí wọ́n bá ní àwọn àjọ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ń kó àṣà òyìnbó wọ̀lú. BAOBAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ṣèwádìí lórí òfin àṣà, ti ẹ̀sìn àti ti ìjọba, wọ́n sì ń la obìnrin lóye lórí wọn. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1964, máa ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A máa ń fún opó ní ìrẹsì àti maṣíìnì ìránṣọ, torí ó ṣe é yà ní fọ́tò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lára owó àánú yín ran ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìdí ìyá òun ní ìpín ò ní gbé báàgì rẹ̀ kúrò nípàdé.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má fọwọ́ síwèé tẹ́ ò tíì kà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé àwọn ọmọ bàbá yín ti ń gba ìwé àṣẹ lórí ogún ní ilé ẹjọ́ gíga láìfi orúkọ yín sí i, ẹ sáré lọ fi ìwé ìtakò sílẹ̀ ní ẹ̀ka probate, ìyẹn ẹ̀ka ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ogún. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba ohùn yín, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, àmọ́ ẹ tètè lọ: bẹ́ ẹ bá dákẹ́ pẹ́ jù, ilé ẹjọ́ lè ní ẹ ti fọwọ́ sí i.